Yàrá abẹ́ páànù wa l'Ákùúrẹ́: ìwé àṣẹ ti jáde

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin ará. Ẹ ó rántí yàrá méjì tí ẹni tó ta ilé Òkè-Àró fún wa ti kọ́ sábẹ́ páànù láìgbàṣẹ, tí àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí plánì ilé torí rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ "STOP WORK" sára géètì wa. Wọ́n ti fọwọ́ sí i báyìí.

Sọ́fè àti rìsíìtì ilé kò mú wàhálà wá. Orí plánì ni iṣẹ́ wà. Kò sí òkè rárá nínú ti àtijọ́, la bá gbé ayàwòrán-ilé wá kó wọn gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, títí dórí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ẹnjiníà ní Nàìjíríà, wá yẹ dẹ́kìn àti òpó wò. Ó ha pilásítà kúrò, ó fi òkúta ha ojú kọnkéré kó dán, ó wá ń tẹ irin kan mọ́ ọn. Irin náà á ta padà, òun á kọ nọ́ńbà tó ń fi bí kọnkéré ṣe le tó hàn sílẹ̀. Ìyàwó mi ní ṣé wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilé ni! Méjèèjì yege. Àtẹ̀gùn ni kò yege: ó dúró ṣánṣán jù, ó tún fún. A wó o, a sì tún un mọ.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n lọ "rí ẹnì kan" ní ọ́fíìsì: owó ìtanràn wà lóòótọ́, kò sì kéré, ṣùgbọ́n báńkì ni mo san án sí, tẹ́là rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà ẹnjiníà yìí, kó kọ̀wé sí mi.