Report Access ń pa dé tí mo bá ti ní kó print

Akọ̀wé Iléèwé:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú ẹ jọ̀ọ́. Inú Access, ètò Microsoft tá a fi ń tọ́jú dátà, la máa ń kó máàkì àwọn ọmọ sí níléèwé wa, report kan ló wà níbẹ̀ tó ń gbé result jáde, ọmọ kan ojú ewé kan, fọ́tò ọmọ lókè lápá ọ̀tún. Tí mo bá wò ó ní preview kò sí wàhálà, àmọ́ bí mo bá ti tẹ Print báyìí, ojú ẹ̀ á funfun, á dì gbagidi, ló bá pa dé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní táàmù tó kọjá o. Mo ti ṣe Compact and Repair, ìyẹn àtúnṣe fáìlì tó wà nínú Access fúnra ẹ̀, mo ti pa kọ̀ǹpútà mo tún tàn án, pàbó ló já sí. Ọjọ́ Ẹtì làwọn òbí ń bọ̀ wá gba result, ẹ dákun ẹ gbà mí.

Alátùn-únṣe:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n pààrọ̀ printer nígbà ìsinmi? Ìdí tí mo fi bi yín ni pé report Access máa ń tọ́jú ètò printer sínú ara ẹ̀, ìwọ̀n bébà, àlàfo etí ìwé, títí kan orúkọ printer gan-an bí ẹni tó ṣe é bá yan Use Specific Printer. Tí ìyẹn ò bá sí mọ́, àfi bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Ẹ fi Microsoft Print to PDF, tó ń sọ iṣẹ́ print di fáìlì PDF, ṣe default, ìyẹn printer tí kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ máa lò, ó wà nínú Windows 10 àti 11, ẹ wá ṣí report yẹn ní Design View, ojú tá a ti ń tún report ṣe, ẹ wọ Page Setup, ẹ yan Default Printer, ẹ sáàfù ẹ̀, kẹ́ ẹ tó print. Tí PDF bá jáde, kò sóhun tó ṣe report yín, driver, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá printer sọ̀rọ̀, ni kẹ́ ẹ yọ dànù pátápátá kẹ́ ẹ fi tuntun sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ọkàn mi ò kúrò lára fọ́tò yẹn. Preview tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ rí yẹn, ojú ewé tẹ́ ẹ ń wò nìkan ni Access sábà máa ń tò, àyàfi tí [Pages], tó ń sọ iye gbogbo ojú ewé, bá wà níbẹ̀, kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó kù. Ẹ tẹ ọfà tó ń lọ sí ojú ewé ìkẹyìn, tó bá kú níbẹ̀ náà, inú dátà ni kẹ́ ẹ wá a sí, ó lè jẹ́ fọ́tò ọmọ kan ló ti bàjẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà report yẹn, ẹ yọ fọ́tò kúrò nínú ẹ̀dà, ẹ print ìyẹn wò. Tó bá jẹ́ inú OLE Object, àyè tó ń gbé fọ́tò fúnra ẹ̀ sínú table, lẹ kó fọ́tò sí, ó máa ń mú fáìlì wú gan-an, bẹ́ẹ̀ Access ò gbà ju 2GB lọ. Ẹ kó fọ́tò sí fóldà, kẹ́ ẹ kọ ọ̀nà fáìlì nìkan sínú table, láti Access 2007 ni Image, àpótí tó ń gbé fọ́tò sórí report, ti ń gba ìyẹn ní Control Source, ibi tá a ti ń sọ ibi tó ti máa mú dátà.

Alátùn-únṣe:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó há sẹ́nu printer látìjọ́ ńkọ́? Ẹ wọ services.msc, ẹ dá Print Spooler, tó ń to iṣẹ́ print sílà, dúró, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS dànù, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Akọ̀wé Iléèwé:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á túbọ̀ máa fún yín lọ́gbọ́n! Lóòótọ́ ni, printer tuntun ni wọ́n gbé wá, orúkọ ti àtijọ́ ló ṣì wà ní Page Setup. Mo dé ojú ewé ìkẹyìn ní preview, kò kú, PDF náà jáde pé pérépéré. Mo ti yọ driver, mo ti fi tuntun sí i, JSS 1 ti ń jáde báyìí tàwọn ti fọ́tò wọn. Ọ̀rọ̀ fóldà yẹn, tí a bá ti pín result tán ni màá dojú kọ ọ́.