Ìmọ̀ràn kíákíá: sọ́fítíwíà wo ni mo lè fi ya àwòrán ìpele àpáta láìná owó rẹpẹtẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkúta · Ọjọ́ Ajé, aago 6:42 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin olùkọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, mo ń wá sọ́fítíwíà tí mo lè fi ya àwòrán ìpele àpáta fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, èyí tí owó rẹ̀ kò ní ga jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́bọ̀ yìí ni olùbójútó mi fẹ́ rí i. Ó ti dá èyí tí mo kọ́kọ́ yà padà, ó ní kò jọ iṣẹ́ ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ jíọ́lọ́jì. Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Ẹlẹ́rọ Kànga · aago 7:05

Àbúrò, WinRESIST ni kí o lò, má dààmú ara rẹ. Òun ni gbogbo wa lò nígbà tiwa. Bí o bá ti fi àwọn ìwọ̀n tí o kà lórí ẹ̀rọ sínú rẹ̀, yóò bá ọ ṣírò bí ìpele kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀ ṣe nípọn tó. Bí o kò bá rí i, wá IPI2Win tí àwọn ará Yunifásítì Ìjọba ti Moscow ṣe. Èmi ṣì ń lò ó títí dòní kí n tó gbẹ́ kànga fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Máàpù · aago 7:31

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ Kànga, ẹ má bínú sí mi, ìbéèrè ọ̀tọ̀ lẹ dáhùn. Ẹni tó fi iná mànàmáná wádìí abẹ́ ilẹ̀ ni WinRESIST wà fún. Bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná ló mọ̀, kò mọ òkúta ẹfun yàtọ̀ sí òkúta iyanrìn, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè ya ìkarahun tó rí nínú àpáta sí. Ohun tí mo rò pé àbúrò wa ń béèrè ni òpó àwòrán tí a fi ń fi hàn bí àwọn àpáta ṣe to ara wọn léra láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, SedLog ni kó lò. Royal Holloway tó wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ti jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí o máa kọ sínú rẹ̀ ni bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, irú òkúta tó jẹ́, bí horo rẹ̀ ṣe tóbi tó àti àwọn àmì tí o rí lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ya òpó náà fún ọ. Nígbà tó bá yà á tán, gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí SVG, irú fáìlì àwòrán tí a ṣì lè tún ṣe, kí o wá fi Inkscape, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, tún àwọn lẹ́tà àti ìlà rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àbúrò, o kò tíì sọ fún wa bóyá ara kúárì lo ti wọn àpáta yìí tàbí láti inú kànga, mítà mélòó ni gbogbo rẹ̀, àti irú kọ̀ǹpútà tí o ní.

Ọmọ Odò Ògùn · aago 8:10

Ohunkóhun tí o bá fẹ́ lò, àbúrò mi, má ṣe ra kíráàkì. Mo bẹ̀ ọ́ ni.

Ní ọdún tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tèmi, mo fẹ́ lo ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà olówó gọbọi tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń lò, mo sì ra ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní ọjà kọ̀ǹpútà, ní owó tí kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ méjì. Orí fíláàṣì ló kó o sí fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà mi lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, mo sì pa á. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Ní òru ọjọ́ kẹta, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, mo sì rí i tí àwòrán kékeré tó máa ń wà lára fáìlì ń di bébà funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pa àtùpà láti yàrá dé yàrá, tí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ń hu ìrù lẹ́tà mẹ́rin tí n kò rí rí. Kí n tó fa okùn iná yọ, ó ti bọ́ sórí. Ìwé kan yọ sójú ẹ̀rọ, ó ní kí n san dọ́là kí wọ́n tó ṣí ohun ìní mi fún mi.

Àkọsílẹ̀ àpáta ibi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orí mẹ́rin nínú ìwé mi. Fíláàṣì tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀dà wà lára kọ̀ǹpútà náà lóru ọjọ́ yẹn, òun náà bá a lọ. Owó tí ìyá mi yá ni mo fi padà sí pápá, nígbà tí mo sì débẹ̀, òjò ti rọ̀, omi ti bo ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àpáta náà, n kò sì rí ìpele méjì tó wà nísàlẹ̀ jù lọ wọ̀n mọ́. Oṣù márùn-ún ni àwọn ẹgbẹ́ mi fi ṣíwájú mi.

Àdùkẹ́ Olómi · aago 8:22

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti fíláàṣì yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ san owó tí wọ́n ní kí ẹ san?

Ọmọ Odò Ògùn · aago 8:25

N kò san án. N kò ní in.

Ọ̀dọ́ Onídátà · aago 8:40

Ó dùn mí gan-an, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta àwọn sọ́fítíwíà ìyàwòrán àpáta bíi RockWorks. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́ wo ni òbí rẹ̀ lè ra irú rẹ̀ fún un? Kì í ṣe pé àwọn tó ń lo kíráàkì fẹ́ràn olè, àìrọ́wọ́họrí ló tì wọ́n débẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti ń mú un kì í sábà kó sí wàhálà.

Ìyá Máàpù · aago 8:52

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tí o sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni ọkùnrin ọjà kọ̀ǹpútà máa ń sọ fún oníbàárà rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ SedLog àti Inkscape. Kí ni ènìyàn ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń já àgádágodo nígbà tí ẹnìkan ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ tó ní ká wọlé?

Ọ̀dọ́ Onídátà · aago 9:03

Màmá, ọ̀fẹ́ náà ní ìnáwó tirẹ̀. Inkscape nìkan ju 100 MB lọ, dátà sì ti wọ́n. Ènìyàn kò sì lè kọ́ Inkscape láàárín ọjọ́ mẹ́ta kí iṣẹ́ rẹ̀ gún. Bí àbúrò wa bá gbọ́ Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, díẹ̀, striplog tí a fi ń ya òpó àpáta ni mo lè júwe fún un. Iléeṣẹ́ kan ní Kánádà ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, ènìyàn sì lè lò ó lórí Google Colab láìgbé ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Tábìlì kan ṣoṣo tó sọ òkè, ìsàlẹ̀ àti irú òkúta ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Kànga · aago 9:15

Ẹni tí olùbójútó rẹ̀ fún ní ọjọ́ mẹ́ta, Python lẹ fẹ́ kó lọ kọ́?

Ọmọ Odò Ògùn · aago 9:20

Èyíkéyìí tó bá lò, kó yọ fíláàṣì kúrò lára ẹ̀rọ kó tó sùn. Kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ lálaalẹ́. Kó fi fóònù ya àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ pápá rẹ̀, ojú ewé sí ojú ewé. Bí mo bá ṣe mẹ́ta yìí nígbà yẹn, n kì bá tí padà sínú òjò.

Àgbà Àpáta · aago 1:48 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo yín. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kíráàkì sílẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọmọ yìí ni kò gbọdọ̀ bọ́. Pẹ́ńsù, rúlà àti bébà gíráàfù ni èmi fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò wá fi bírò dúdú tún un yà lórí bébà tí a lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí àwòrán náà bá kùnà lójú olùbójútó, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi irinṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Òkúta, kí ni ọ̀gá rẹ gan-an sọ pé kò dára nínú rẹ̀, ibo lo sì ti wọn àpáta náà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkúta · aago 4:30

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì, kò síná. Kúárì òkúta ẹfun kan ní agbègbè Ewékorò ni mo ti wọ̀n ọ́n, mítà 14 ni lápapọ̀. Òkúta ẹfun tó ní iyanrìn díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, òkúta ẹfun tó kún fún ìkarahun ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ ewé, ṣéèlì dúdú, òkúta amọ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ló sì wà lókè pátápátá. Ohun tí olùbójútó mi kọ sí i ni pé gbogbo òpó náà fẹ̀ bákan náà láti ìsàlẹ̀ dókè, àti pé àmì òkúta iyanrìn ni mo fi sínú òkúta ẹfun. Windows ni kọ̀ǹpútà mi ń lò, ó ti gbó, Microsoft Office nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Àgbà Àpáta · aago 5:12

Ó ti yé mi báyìí, ọmọ mi, o sì kú iṣẹ́, nítorí ohun tí o rí yẹn ni àpáta Ewékorò tí ṣéèlì Akinbo jókòó lé lórí. Àwọ̀ ewé tó wà láàárín ṣe pàtàkì, má fò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nípọn. Glauconite, ohun àlùmọ́ọ́nì aláwọ̀ ewé kan, ló sábà máa ń fún un ní àwọ̀ yẹn, ìsàlẹ̀ òkun níbi tí ẹrẹ̀ ti ń rọra balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló sì máa ń hù sí. Ẹni tó bá mọ̀ yóò kọ́kọ́ wá a lójú àwòrán rẹ.

Ní ti àmì, ìlànà tí FGDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dátà máàpù, gbé jáde lọ́dún 2006 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi í sí. Bíríkì tí wọ́n tò ni àmì òkúta ẹfun, nọ́ńbà 627. Tó-tò-tó ni ti òkúta iyanrìn, 607. Ìlà kúkúrú kúkúrú tó dùbúlẹ̀ ni ti amọ̀ àti ṣéèlì, 620. Ibi tí òkúta ẹfun rẹ bá ti ní iyanrìn, bíríkì náà ni yóò wà níbẹ̀, kí o wá fi tó-tò-tó díẹ̀ sáàárín rẹ̀.

Ní ti fífẹ̀ òpó, ibẹ̀ gan-an ni olùbójútó rẹ ti mú ọ. Etí òpó ló ń sọ bí horo ṣe tóbi tó. Fún iyanrìn, ìwọ̀n tí Wentworth fi lélẹ̀ ní 1922 ni à ń lò, níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú 16 mìlímítà títí dé mìlímítà 2. Ṣùgbọ́n fún òkúta ẹfun, ètò Dunham ti 1962 ni kí o tò sí ìsàlẹ̀ òpó, mudstone, wackestone, packstone, grainstone, láti èyí tí ẹrẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù dé èyí tí kò ní ẹrẹ̀, nítorí ohun tí à ń béèrè níbẹ̀ ni bóyá ẹrẹ̀ ló gbé ìkarahun dúró tàbí ìkarahun ló fara ti ìkarahun. Èyí tí o ní ó kún fún ìkarahun yẹn ní láti yọ síta ju ṣéèlì lọ dáadáa.

Ìyá Máàpù · aago 5:30

Ẹ ṣeun, bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ Òkúta, gbé SedLog sórí ẹ̀rọ rẹ lálẹ́ òní. Bó o bá há, kọ̀wé síbí, n kò ní sùn kíákíá.

Ẹlẹ́rọ Kànga · aago 6:02

Mo gbà pé n kò ka ìbéèrè náà dáadáa láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ mítà 14 rẹ yẹn, WinRESIST ṣì wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkúta · Ọjọ́rú, aago 9:17 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe é tán. PowerPoint ni mo lò.

Mo gbìyànjú láti gba SedLog lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mẹta, dátà mi sì tán, mo wá wò ó pé kí n má fi ọjọ́ tó kù ṣòfò. Mo yí ojú ewé náà sí òró, mo ní kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan, mo sì ya àpótí kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi àmì kún inú àpótí, mo rí bíríkì tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo rí tó-tò-tó, mo sì rí ìlà kúkúrú kúkúrú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí bàbá Àgbà Àpáta kà sílẹ̀. Mo fa etí àpótí òkúta oníkarahun jáde dé packstone, mo sì ti ṣéèlì wọlé. Ìpele àwọ̀ ewé kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, mo wá fa ọfà láti ara rẹ̀ lọ síta, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Olùbójútó mi wò ó lọ́sàn-án òní, nítorí ó ní òun kò ní sí nílé lọ́la. Ó ní kí n fi àríwá àti nọ́ńbà GPS ibi tí mo ti wọ̀n ọ́n sí i, kí n sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Odò Ògùn, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ímeèlì mi, fíláàṣì mi sì wà nínú àpò.

Ìyá Máàpù · aago 9:40

PowerPoint! Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, a dúpẹ́. Rí i pé o kọ ìwọ̀n náà sára àwòrán fúnra rẹ̀, kí o sì ya rúlà mítà sí ẹ̀gbẹ́ òpó, nítorí bí wọ́n bá dín ojú ewé kù níbi ìtẹ̀wé, sẹ̀ǹtímítà kan rẹ kò ní jẹ́ mítà kan mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkúta · aago 9:44

Yéè, n kò ya rúlà síbẹ̀. Mo ń ṣí i báyìí, mà.