Ta ló rán sójà wá sí àdúgbò yín? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí nígbà àjálù

Ọmọ Káúńtì (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí ìjì tàbí omíyalé bá ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa máa ń bi mí: "Àwọn sójà dà? Kí ló dé tí ìjọba ò tíì kó wọn jáde?" Ibi àkóso pàjáwìrì ti káúńtì kan (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ni) ní Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́, torí náà ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Sójà kì í dédé dìde. Ẹnì kan ló máa béèrè fún wọn, ẹlòmíì ló máa fọwọ́ sí i, ẹlòmíì ló sì máa sanwó rẹ̀. Nígbà ìjì Harvey, ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, òjò tó rọ̀ ní Nederland lé ní 60 ínǹṣì. Gómìnà Greg Abbott pe gbogbo National Guard Texas, ìyẹn àwọn ológun ìpínlẹ̀, síta, wọ́n tó bí 12,000. Tábìlì mi wà láàárín ti panápaná àti ti ọ̀gá Guard kan. Ìwé kan wọlé láti ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà: "Ẹ fún wa ní hẹlikópítà mẹ́ta." Ọ̀gá Guard yẹn kà á, ó tì í padà sí mi. Ó ní, "Kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n gbé wá. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe."

Mo pè wọ́n padà. Ẹni tó gbé fóònù ń sunkún, àmọ́ ó dáhùn gbogbo ohun tí mo bi í. Ohun tí a wá kọ ni pé: àwọn àgbàlagbà wà ní àjà kejì, omi ti gba ìsàlẹ̀, àwọn kan ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn tí bátìrì rẹ̀ ń lọ sópin, ibi báyìí ni a fẹ́ gbé wọn lọ kó tó ṣú. Ẹ wò ó, hẹlikópítà kankan ò lọ. Ìkùukùu ti wálẹ̀ jù. Ọkọ̀ ẹrù ológun tó ga tó lè la omi kọjá ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n sì kó wọn jáde. Ká ní hẹlikópítà nìkan ni ìwé yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni, ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é ni ilẹ̀ ì bá ti ṣú mọ́ wọn.

Báyìí ló ṣe ń gòkè. Káúńtì á ké sí ìpínlẹ̀. Gómìnà ló ni National Guard ìpínlẹ̀ rẹ̀, kò nílò kó bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó pè wọ́n. Bí wọn ò bá tó, ó lè yá ti ìpínlẹ̀ mìíràn lábẹ́ àdéhùn EMAC, èyí tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí lọ́dún 1996. Bí àjálù náà bá tún ju ìyẹn lọ, gómìnà á kọ̀wé sí ààrẹ lábẹ́ òfin Stafford ti ọdún 1988, òfin ìrànwọ́ àjálù, FEMA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, á sì wọlé. Bí FEMA bá wá rí i pé iṣẹ́ kan gba ológun ìjọba àpapọ̀, kọ́nẹ́ẹ̀lì ológun kan wà ní ẹkùn FEMA kọ̀ọ̀kan, ẹkùn mẹ́wàá ni wọ́n, orúkọ ipò rẹ̀ ni Defense Coordinating Officer. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé náà ń gbà kọjá sọ́dọ̀ àwọn ológun.

Ó yá, ẹ gba gègé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá. Houston ni èmi náà wà nígbà Harvey. Irú ọkọ̀ tí ẹ sọ yẹn ló gbé èmi àtàwọn ọmọ mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo bi sójà tó fà mí lọ́wọ́ gòkè pé, "Níbo lẹ ń kó wa lọ?", ó nawọ́ sí obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì òjò, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó ní, "Ẹ bi wọ́n." Òṣìṣẹ́ ìlú ni obìnrin náà. Òun ló ní ìwé tí wọ́n kọ àwọn ibùdó tí àyè ṣì wà sí. Àwọn sójà kàn ń wa ọkọ̀ ni, wọ́n sì ń gbé èèyàn. Ní ibùdó ọ̀hún, mi ò rí sójà tó ń pín bẹ́ẹ̀dì, Red Cross àtàwọn olùyọ̀ǹda ló ń ṣe é. Ọmọ mi ọkùnrin bínú pé wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìbọn. Kò tiẹ̀ sí ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Sájẹ́ńtì Àná

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìjì Katrina, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí Ọmọ Káúńtì ń sọ yìí ti fojú winá.

National Guard ni mí nígbà yẹn. Ìjì náà wọ Louisiana ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005. Láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti kó ẹgbẹ́ tiwa lọ sí ìlú New Orleans níbẹ̀. Nígbà tó yá, Guard tó wà nílẹ̀ ti lé ní 50,000, sójà ìjọba àpapọ̀ náà sì ti tó bí 20,000. Ẹ fojú inú wo gbogbo èrò yẹn, kí ẹ wá gbọ́ pé ọ̀nà àṣẹ méjì ni wọ́n ń tọ̀. Àwa Guard ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Gómìnà Kathleen Blanco nípasẹ̀ ọ̀gá Guard Louisiana. Àwọn sójà àpapọ̀ ń gba tiwọn lọ́wọ́ Ọ̀gágun Russel Honoré, òun náà ń jábọ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Ààrẹ Bush dábàá pé kí wọ́n kó gbogbo wa sábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Gómìnà kọ̀.

Níbi tí àwa wà, ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ kò le yé. Bí ẹ bá wo ilé kan tán, ẹ ó fi ọ̀dà kọ X gàgàrà sára ògiri rẹ̀. Apá òsì ni ẹ ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sí. Òkè ni ẹ ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí. Apá ọ̀tún ni ewu tó wà níbẹ̀, bíi gáàsì tàbí ajá. Ìsàlẹ̀ ni iye èèyàn tí ẹ bá, àwọn tó wà láàyè àtàwọn tó ti kú. Mo dé òpópónà kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ ti ní X méjì, ẹgbẹ́ méjì ti wò ó láì mọ̀ nípa ara wọn. A yà sí òpópónà tó tẹ̀ lé e, kò sí àmì kankan lára ilé kankan. Mi ò ní sọ ohun tí a bá nínú àwọn kan nínú wọn.

Rédíò ńkọ́? Tiwa kì í bá ti ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. A mú ọlọ́pàá kan jókòó síwájú ọkọ̀ wa pẹ̀lú rédíò ọwọ́ tirẹ̀. Òun ni rédíò wa. Ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́, á yíjú sẹ́yìn, á pariwo rẹ̀ sí wa. Ó ṣiṣẹ́ ju gbogbo ẹ̀rọ olówó gọbọi tí wọ́n kó dé lẹ́yìn náà lọ, tí ẹ bá bi èmi.

Bàbá Onílé

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí ló jẹ́ kí n máa wí pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé ológun lọ́wọ́. Ọba kì í pé méjì láàfin. Sójà ní ọkọ̀, wọ́n ní oúnjẹ, wọ́n sì ń gbọ́ràn sí àṣẹ. Kí ni FEMA àti gómìnà àti káúńtì ń pín láàárín ara wọn?

Sájẹ́ńtì Àná

Bàbá, mo ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ àlejò lójú, kò fi ríran ni. A dé New Orleans, a ò mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga, a ò mọ ilé tí arọ ń gbé, a ò mọ ilé ìwòsàn tí iná ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ohun kejì ni pé èèyàn tó ti pàdánù gbogbo nǹkan kì í fẹ́ rí ẹnu ìbọn. Ọmọ Louisiana ni Honoré fúnra rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń jágbe mọ́ àwọn sójà lójú pópó pé kí wọ́n dorí ìbọn kodò.

Wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí ti ọ̀gá méjì yẹn. Láti ọdún 2012, òfin ti sọ ọ́ di àṣà pé kí wọ́n yan ọ̀gágun kan tí gómìnà àti ààrẹ jọ fọwọ́ sí. Òun ni yóò máa darí Guard fún gómìnà, kó sì tún máa darí sójà àpapọ̀ fún ààrẹ. Dual Status Commander ni wọ́n ń pè é. Wọ́n lò ó nígbà ìjì Sandy lọ́dún yẹn gan-an. Ọ̀nà àṣẹ ṣì jẹ́ méjì, àmọ́ orí ẹnì kan ṣoṣo ni méjèèjì ti ń pàdé.

Àbúrò Sójà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Sójà àpapọ̀ lèmi, ní North Carolina. Ìjì Helene wọ Florida lálẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àmọ́ àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn North Carolina ló fi ojú wọn rí màbo. Àgbàrá gbé apá kan òpópónà I-40 lọ. Ìpínlẹ̀ kan náà la wà o. A ti di ẹrù wa, ọkọ̀ ti mu epo yó, a sì jókòó. Ìyá mi ń pè mí pé, "Ṣé ẹ̀yin ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni?" Guard ti wà lókè níbẹ̀ tipẹ́, torí gómìnà ló ni wọ́n. Àwa ní láti dúró de àṣẹ. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ni Ààrẹ Biden fọwọ́ sí kí 1,000 lára wa lọ, ó sì fi 500 kún un lẹ́yìn náà.

Kí n sọ òótọ́, ìdúró yẹn dùn mí, mo ṣì gbà pé ó pẹ́ jù. Àyè kan wà nínú ìlànà o: bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tí aláṣẹ ìlú tó wà nítòsí sì ké sí ọ̀gá bárékè, ọ̀gá náà lè rán èèyàn lọ láì dúró de Washington. Kó tó pé wákàtí 72, ó gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò bóyá ó ṣì yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ ìtòsí ni ìyẹn wà fún. Orí òkè yẹn jìnnà sí wa.

Nígbà tí a débẹ̀, ìpàdé àràárọ̀ wa máa ń wáyé níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọ̀gá panápaná abúlé náà, bàbá kan tó wọ bàtà rọ́bà, ló máa ń tẹ́ máàpù sórí ẹnu ọkọ̀ rẹ̀, tí á ní, "Afárá yìí ti lọ. Ẹ gba ẹ̀yìn oko yìí. Ìyá kan wà lókè yìí tó ń lo ínsúlínì." Kọ́nẹ́ẹ̀lì wa dúró lẹ́yìn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá kan sáré tọ̀ wá wá pé ẹnì kan ń fa epo nínú jẹnẹrétọ̀ òun, pé kí a wá mú un. A ò lè mú un. Òfin Posse Comitatus ti ọdún 1878 kò jẹ́ kí sójà àpapọ̀ ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Sájẹ́ńtì wa pe ọ̀dọ̀ ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì. Bàbá náà bú wa dáadáa. Ká ní Guard tó wà lábẹ́ gómìnà ló bá pàdé ni, tiwọn yàtọ̀, òfin yẹn kò dè wọ́n.

Ẹlẹ́ńjìnnì Bàálù

Tèmi ò pẹ́. Iná igbó ní California. Bàálù C-130 ti ológun la máa ń ki ẹ̀rọ MAFFS bọ̀ nínú, ó ń gbé 3,000 gálọ́ọ̀nù oògùn tí wọ́n fi ń dá iná dúró, ó sì lè tú gbogbo rẹ̀ dànù láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bó ti wù kí awakọ̀ òfuurufú wa gbówọ́ tó, kò gbọ́dọ̀ yan ibi tí yóò da oògùn sí. Bàálù kékeré kan tí àwọn Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ń darí ló máa ń ṣíwájú, tí á fò gba ibi tí iná wà, tí á sì fi ibi tó yẹ hàn án. Wọn kì í tiẹ̀ pè wá àfi tí bàálù aládàáni bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tán. Boise, ní Idaho, ni wọ́n ti ń pín bàálù káàkiri. Oògùn pupa yẹn kì í bọ́ lára aṣọ o, ìyàwó mi ti dákẹ́ lórí ẹ̀.

Bàbá Onílé

Ó dáa, mo gbọ́. Ta ló wá ń sanwó gbogbo èyí? Àti pé àwọn kan wá síbi àdúgbò àna mi lẹ́yìn ìjì, wọ́n ní ológun ló rán àwọn láti wá fi tapólì búlúù bo òrùlé, wọ́n ní kó mú owó wá.

Ọmọ Káúńtì

Bàbá, ti owó: bí gómìnà bá pe Guard fúnra rẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ń san án. Nígbà mìíràn ìjọba àpapọ̀ á gbà láti sanwó, síbẹ̀ gómìnà lá máa pàṣẹ, Title 32 ni orúkọ òfin tó gba ìyẹn láyè. Bó bá jẹ́ FEMA ló gbé iṣẹ́ fún ológun, FEMA ló ń dá owó wọn padà. Fún àwọn ìnáwó ìpínlẹ̀ àti káúńtì tí òfin Stafford gbà, bíi kíkó pàǹtírí, ìjọba àpapọ̀ kì í san dín ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí ààrẹ bá ti kéde àjálù ńlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu pé kí wọ́n kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀ kódà nígbà tí omi ṣì wà nílẹ̀.

Ti tapólì: ètò gidi ni, Blue Roof ni wọ́n ń pè é, Army Corps of Engineers ló ń bójú tó o fún FEMA. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ní kí onílé fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kí wọ́n gun òrùlé òun, wọ́n á wá wò ó bóyá igi òrùlé ṣì dúró. Wọn kì í béèrè kọ́bọ̀. Ẹ sọ fún àna yín kó pe ọlọ́pàá sí àwọn tó wá yẹn, bí ó bá sì rí nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, kó fún ọlọ́pàá pẹ̀lú.