Ṣé ó bá Bíbélì mu kéèyàn nífẹ̀ẹ́ ara ẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kàn kì í dá sí i ni, òní ni mo fẹ́ béèrè tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 36, mo sì wà nínú kúáyà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje sítóòfù bú gbàù nílé wa, iná mú mi láti ọrùn dé ìgúnpá òsì. Ó ti jinná ó ti pẹ́, kò dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n awọ ibẹ̀ sún jọ ó ń dán bíi rọ́bà. Látìgbà náà apá gígùn ni mò ń wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ooru oṣù kẹta n'Íbàdàn, tí páànù ń dún lórí èèyàn, apá gígùn ṣáá ni.

Lóṣù tó kọjá a fẹ́ ya fótò kúáyà torí ìkórè, ẹni tó ń yà á ní kí n bọ́ síwájú torí mo kúrú, mo ní rárá, mo lọ há ara mi sẹ́yìn àwọn ọkùnrin tó ń kọ báàsì. Nígbà tí fótò jáde, iwájú orí mi àti etí gèlè nìkan ló yọ. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín pé Sístà ibo lẹ wà, mo bá wọn rín in, mo délé mo sunkún.

Ohun tó wá jẹ́ kí n kọ èyí ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n pín fótò yẹn gan-an, Máàkù 12:31 ni pásítọ̀ wa wàásù lé lórí, "Fẹ́ ọmọnìkejì rẹ bí ara rẹ." Mo jókòó síbẹ̀ mò ń rò ó pé tó bá jẹ́ bí mo ṣe ń ṣe sí ara mi ni mo fẹ́ máa ṣe sí ọmọnìkejì mi, kí wọ́n yáa tètè sá fún mi. Torí ohun tí mò ń sọ sí ara mi níwájú dígí, mi ò lè sọ ọ́ sí ajá.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ó bá Bíbélì mu kéèyàn nífẹ̀ẹ́ ara ẹ̀? Tó bá bá a mu, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà nìkan o, mò ń gbàdúrà. Ẹ má sì ní kí n dúró síwájú dígí kí n máa pariwo pé mo rẹwà mo rẹwà, mo ti ṣe é rí, ẹ̀rín ló pa mí.

Ọmọ Ogun Krístì

Sístà ẹ pẹ̀lẹ́, Olúwa á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ fẹ́ràn-ara-ẹ fẹ́ràn-ara-ẹ tó gba íntánẹ́ẹ̀tì kan yìí, ti ayé ni. Ẹ ṣí 2 Tímótì 3:2, níbi tó ti ń sọ ti ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn èèyàn á jẹ́ olùfẹ́ ti ara wọn. Òun ló ṣáájú gbogbo ìwà burúkú tí Pọ́ọ̀lù kà sílẹ̀ níbẹ̀ o, ó ṣáájú olùfẹ́ owó pàápàá. Jésù náà ní ẹni tó bá fẹ́ tọ òun lẹ́yìn kó sẹ́ ara ẹ̀, kó gbé àgbélébùú ẹ̀. Ẹ gbójú kúrò lára ẹran ara, ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ fótò sílẹ̀.

Tíṣà Sunday School

Bọ̀ọ̀dá Ọmọ Ogun, ẹsẹ yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán. Ẹni tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí níbẹ̀ fẹ́ràn owó, ó ń fọ́nnu, ó ń gbéra ga, kì í gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, kò sì moore. Ẹni tó lọ há ara ẹ̀ sẹ́yìn àwọn oníbáàsì kí wọ́n má bàa rí i lẹ wá ń kà á fún? Ẹsẹ̀ ẹnìkan kán, ẹ gbé oògùn ibà fún un.

Arábìnrin, ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹsẹ tí pásítọ̀ yín kà yẹn, wọ́n á kà á lákàsórí, màá fún wọn ní bisikíìtì, ó parí, èmi fúnra mi ò wo inú ẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kan ni ọmọkùnrin kékeré kan dìde ní kíláàsì, ó ní Tíṣà, tí ọmọnìkejì bá jẹ́ ẹnì kejì, ta ni ẹnì kìíní? Mo dúró sójú kan. Mo ní jókòó, màá dá ẹ lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ (irọ́ ni, mi ò mọ̀ ọ́n ni). Ṣé ẹ rí i, ìwọ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lẹnì kìíní. Jésù ò tiẹ̀ pàṣẹ pé kó o fẹ́ ẹni yẹn, ó gbà pé ìyẹn ti wà nílẹ̀, òun ló fi ṣe òṣùwọ̀n fún ti ẹnì kejì. Láti Léfítíkù 19:18 ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti wá, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e dé.

Ẹ tún wo "ara rẹ" yẹn. Nínú èdè tiwa, ara yìí náà ni ara tá à ń wẹ̀, ara tó ń ro èèyàn, ara tí iná jó. A ò ní ọ̀rọ̀ kan fún ti inú ká tún ní òmíràn fún ti òde. Ìgbà tí wọ́n bá ní bí ara rẹ, apá òsì yẹn wà níbẹ̀, ẹ ò lè yọ ọ́ kúrò. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló sọ nínú Éfésù 5:29 pé kò sí ẹni tó kórìíra ara ẹ̀ rí, pé ńṣe lèèyàn ń bọ́ ọ tó ń ṣìkẹ́ ẹ̀. Kò tíì dé Ìbàdàn nígbà tó kọ ìyẹn ṣá.

Ní ti kéèyàn sẹ́ ara ẹ̀, kí ìfẹ́ inú mi má jẹ́ ọ̀gá lé mi lórí ni. Ibi tí Jésù ti ní ká máa bú ara wa níwájú dígí, ẹ bá mi wá a.

Ọmọ Ogun Krístì

Tíṣà, mi ò sọ pé kó bú ara ẹ̀. Mo ní kó má sọ ara di òrìṣà. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ bára yín jà lọ, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi, èmi ò mọ Gíríìkì mi ò mọ Hébérù, ọjà ni mò ń tà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àwọn ìbejì mi, nígbà tí mo padà délé ikùn mi rí bí àpò gàrí tí wọ́n ti dà nù. Odindi ọdún kan, inú òkùnkùn ni mo ti ń wẹ̀, mi ò fẹ́ rí i. Àwọn èèyàn ní kí n dúpẹ́ pé mo bímọ láyọ̀, mò ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú mi, mò ń dúpẹ́ náà ni. Ìyá àgbà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó bá ti ń bọ̀ mo mọ̀ pé ìwàásù ti dé. Kò wàásù o. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja ló gbé wá, ó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní lọ sùn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ka ìtàn Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, bó ṣe sá fún Jésíbẹ́lì tó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi nínú aginjù tó ní ó tó, Olúwa gba ẹ̀mí mi, òun ò sàn ju àwọn baba òun lọ. Áńgẹ́lì dé, kò bá a wí. Kò ní ṣé kì í ṣe ìwọ lo pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì ni. Ó ní dìde, jẹun. Àkàrà wà lórí ẹyín iná, omi wà nínú ìkòkò. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn padà, áńgẹ́lì tún jí i pé jẹun. Lẹ́ẹ̀mejì! Ọlọ́run mọ̀ pé àárẹ̀ àti ebi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò fi ṣe àìnígbàgbọ́.

Nítorí náà mi ò ní kó o lọ pariwo ohunkóhun níwájú dígí. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ìwé tó o fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ẹ, ṣé orúkọ ẹ wà níbẹ̀? Ìgbà wo lo ránṣọ fún ara ẹ kẹ́yìn, kì í ṣe èyí tó o fi àjákù aṣọ oníbàárà rán o. Lọ sí Gbági, ra yáàdì mẹ́rin, kó o rán an fún ara ẹ bí ìgbà tó o bá ń rán an fún oníbàárà tó ti sanwó pé ṣáájú. Ẹnì kan kúkú ti san án, ó wà nínú 1 Kọ́ríńtì 6:20, a ti rà yín ní iye kan. Ṣé aṣọ tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ lo fi ń nu ilẹ̀?

Tó bá sì jẹ́ pé èrò tó ń wá lóru ti wúwo jù, tí oorun ò wá mọ́, lọ rí dókítà. Èmi lọ rí tèmi, Jésù ò bínú sí mi.

Bọ̀ọ̀dá Peckham

Àǹtí ẹ kú u rírọ́jú. London ni mo wà, mo ka ọ̀rọ̀ yín nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń tibi iṣẹ́ bọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sí.

Gbogbo wa la mọ Sáàmù 139:14, tẹ̀rù-tẹ̀rù àti tìyanu-tìyanu ni a dá mi, a ti gbọ́ ọ débi tí kò ta létí mọ́. Ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ fún yín níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń mú mi lọ́kàn báyìí. Àjàyí Crowther ló ṣíwájú àwọn tó gbé Bíbélì sí Yorùbá, èyí tá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọ Òṣogùn ni, 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú pẹ̀lú ìyá ẹ̀, kò ju ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá lọ. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin o! Pàṣípààrọ̀ ọ̀hún ò tún rí bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n dá a padà, wọ́n tún un tà síwájú. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan lọ́dún 1837 pé ìgbà kan wà nínú oko ẹrú yẹn tó wu òun kóun kú. Ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, wọ́n gbé wọn lọ sí Freetown, ó ṣèrìbọmi ní 1825, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury níbí ní 1864, Bíbélì Yorùbá lódindi wá jáde ní 1884.

Ẹni tí wọ́n ti gbé ẹṣin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti fi díye lé e, òun ló ṣíwájú àwọn tó bá wa wá ọ̀rọ̀ tá a fi ń sọ pé tìyanu-tìyanu ni a dá mi. Nígbà tí mo dé ìlú yìí mò ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì lóru, mo ti ń ka ara mi sí nǹkan tí wọ́n ń san iye báyìí fún ní wákàtí kan, kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ló ń fojú yẹn wò mí, èmi náà ń fojú yẹn wo ara mi. Ìtàn Crowther ló mú mi kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdíyelé àwọn èèyàn yẹn ò sọ bí Ọlọ́run ṣe dá a di nǹkan mìíràn, wọ́n kàn ṣìrò ni.

Ọmọ Ogun Krístì

Mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o, mo ṣì dúró lórí 2 Tímótì. Ṣùgbọ́n mo jí lóru àná mo ń ro ti Sístà yìí, Jòhánù 20 ló wá sí mi lọ́kàn. Jésù ti jí dìde, ara tuntun ni, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa ó sì bọ́ sáàárín wọn. Ara tó lè ṣe ìyẹn, kí ló dé tí àpá ìṣó ò kúrò níbẹ̀? Ó ní kí Tọ́másì mú ìka wá. Kò fi aṣọ bò ó.

Mo kàn ní kí n sọ ọ́. Sístà, ẹ fi ti ààwẹ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ jẹun.

Tíṣà Sunday School

Háà! Ọmọ Ogun. Màá lo èyí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sì ní èmi ni mo rò ó.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kà á lákàtúnkà, ti Ọmọ Ogun ìkẹyìn yẹn mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí i, mo kàn ń wo apá mi ni.

Ìyá Ìbejì, mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi. Ìwé kẹrin nìyẹn látìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà tó ti kú gan-an ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ mi ò sí. Mo wá pe ọmọ iṣẹ́ mi pé kó gbé téèpù wá kó wọ̀n mí, ó rò pé mò ń dán òun wò torí ìdánwò ìgbòmìnira ẹ̀ ti ń bọ̀, ló bá ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àyà 38, ìbàdí 43. Ó yà mí lẹ́nu, mo ti rò pé mo tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó kan apá ó dákẹ́, ó ní Àǹtí, ẹ bọ́ kádígàn yín kí n lè rí i dáadáa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í wọ̀n apá lórí aṣọ. Èmi ni mo kọ́ ọ lóòótọ́. Mo bọ́ ọ. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ṣé kóun lọ ra omi tútù wá. Ó tán.

Mo ti ra ańkàrá, búlúù ni, ó ní òdòdó kéékèèké. Mo ti gé iwájú àti ẹ̀yìn, ó wà lórí tábìlì níbí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Apá ló kù tí mi ò tíì gé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa aṣọ, ṣé kúkúrú ni àbí kó dé ìgúnpá? Ìyá Ìbejì ẹ má dáhùn, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ.