Mo ti fẹ̀yìn tì, a ti kó sílé kékeré: ṣé mo lè sinmi ná?

Olùbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá.

Kò tíì pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni èmi àti ọkọ mi kó kúrò nínú ilé ńlá tí a ti tọ́ àwọn ọmọ, a bọ́ sí ilé oníyàrá méjì. Àwa la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fipá mú wa. Àmọ́ látìgbà tí a ti dé ibí, ó ń rẹ̀ mí débi pé bí mo bá jókòó láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kí n tó dìde. Oorun ń kùn mí, ọkàn mi ò sì fẹ́ gbé ìrònú kankan. Àwọn páálí ẹrù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ kí n máa bá òun tọ́jú ọmọ lójoojúmọ́. Níbi iṣẹ́ àtijọ́, wọ́n ní kí n wá máa ran àwọn lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá pè ló ń béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ máa ṣe báyìí?" Láti kékeré la ti kọ́ wa pé ọ̀lẹ ló ń jókòó lásán. Ṣé ọ̀lẹ ló ń wọ̀ mí lára yìí? Bó bá sì yẹ kí n sinmi, báwo ni n óò ṣe mọ ìgbà tó tó?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì: Ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀lẹ kọ́ rárá. Ní 1967, àwọn dókítà ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to ìṣẹ̀lẹ̀ 43 tó máa ń yí ìgbésí ayé padà, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba agbára lára èèyàn. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100, ìgbéyàwó 50, ìfẹ̀yìntì 45, kíkó kúrò nílé 20. Ẹ wò ó, ìgbéyàwó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun ayọ̀. Ẹ̀yin wá so ìfẹ̀yìntì àti kíkó ẹrù pọ̀. Ó yẹ kó rẹ̀ yín.

Nígbà tí èmi fẹ̀yìn tì, ara mi ṣì ń gbọ́ agogo ilé ìwé. Bí mo bá sùn lọ lórí àga, mo máa ń ta gìrì ní àsìkò tí kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò gba iṣẹ́ kankan títí ìyẹn fi dáwọ́ dúró. Ohun tí mo fi mọ̀ pé ìsinmi ti tó ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí láti ṣe nǹkan láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí n ṣe é.

Bàbá Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí òru àti ọ̀sán dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ ìgbà tó yẹ kí ara jí àti ìgbà tó yẹ kó sùn. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń rí i lójú ọ̀nà láìronú nípa rẹ̀. Ẹ máa jí ní àkókò kan náà, ẹ jáde síta díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ padà wá jókòó bó ṣe wù yín. Oorun ọ̀sán kó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kó má bàa ba ti alẹ́ jẹ́.

Ọkọ yín ńkọ́? Nínú ilé ńlá, ẹni tó bá fẹ́ dá wà yóò wá yàrá kan wọ̀. Nínú yàrá méjì, kò rọrùn. Èmi àti ìyàwó mi ní láti sọ ọ́ jáde lẹ́nu: pálọ̀ jẹ́ tirẹ̀ láàárọ̀, mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ àfi bí òun bá kọ́kọ́ sọ. Kí a tó sọ ọ́, mo rò pé ó ń bá mi bínú ni.

Àbúrò yín: Ní ti páálí, ẹ tú ti ibùsùn, ti ilé ìdáná, ti oògùn àti ti ìwé pàtàkì. Ìyókù lè dúró, kí ẹ ṣáà tò ó síbi tí ẹsẹ̀ ò ti ní kọ̀ ọ́, torí pé ìṣubú léwu fún àgbàlagbà. Ẹ má pinnu ohun tí ẹ máa jù nù nígbà tó bá rẹ̀ yín. Nígbà tí àwọn òbí mi kó, àga àti tábìlì ò fún wọn ní ìṣòro, àwọn fọ́tò àti lẹ́tà ló le. Fọ́tò kan lè gba odindi ìrọ̀lẹ́. Ilé yín àtijọ́ sì lè máa dùn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yàn láti kúrò níbẹ̀.

Ẹ dá ọjọ́ kan fún ọmọ yín tí ẹ óò fún un lésì, kó lè wá ẹlòmíì títí dìgbà náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa jẹ́ kó rò pé ẹ ti gbà.

Nọ́ọ̀sì: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti ìṣòro táírọ́ọ̀dù (ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn) lè mú kó máa rẹ èèyàn báyìí. Bí ìbànújẹ́ bá wà lọ́kàn yín ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ohun tí ẹ fẹ́ràn ò dùn mọ́ yín mọ́, ẹ sọ fún dókítà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú. Àárẹ̀ tí ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń sinmi kò bà mí lẹ́rù tó èyí tí ń pọ̀ sí i.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti pe ọmọ mi, mo sì ti dá oṣù kan fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Màmá, mi ò mọ̀ pé ó rẹ̀ yín tó bẹ́ẹ̀." Ọkọ mi ní òun náà ti ń wá ọ̀nà láti sọ ọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn. N óò lọ ṣe àyẹ̀wò. Àmọ́ aṣọ iṣẹ́ mi ńkọ́? Ó kún páálí méjì, mi ò fẹ́ wò ó, mi ò sì fẹ́ kó o dànù.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì: Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lè ṣí i, ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́ràn jù, kí ẹ fi ìyókù ta ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lọ́rẹ.