Ẹ gbà mí o, password wa ti bọ́ síta!

Adé Toronto: Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ kúulé o. Password database wa wà ní gbangba nínú fáìlì config, mo sì ti tì í sórí git, ibi tí a ń kó kóòdù àti gbogbo àyípadà rẹ̀ sí. Ọ̀gá ní kí n wá nǹkan fi bò ó kí àwọn ọ̀dítọ̀ tó dé lọ́la. Mo ti sọ ọ́ di base64, ìyẹn ni pé mo fi lẹ́tà míì kọ ọ́. Ṣé ó ti tó?

Ìyá Ìbejì, Houston: Ó tó kẹ̀! Tẹ `base64 -d` tó ń tú u padà, kí o wo bó ṣe máa bọ́ra sílẹ̀.

Bọ̀dá Peckham: Irú ẹ̀ ló gbówó lọ́wọ́ mi níjọ́sí. Mo pa ìlà tí kọ́kọ́rọ́ wa wà rẹ́, mo tún un tì, mo lọ sùn. Àṣé ti àtẹ̀yìnwá ṣì wà nínú git digbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ wa yá sáfà rẹpẹtẹ, wọ́n ń fi wa kírípítò. Mi ò ní dárúkọ iye bílì yẹn, ìyàwó mi wà níbí.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Fi git filter-repo fọ ìtàn náà ná, kó kúrò nínú ti àtẹ̀yìnwá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹni tó ti dà á kọ ńkọ́? Password gan-an ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀!

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Mo gbà. Àmọ́ ẹ má sọ pé bíbò ò wúlò rárá. Jetty, sáfà wẹ́ẹ̀bù kan, ní OBF: tiẹ̀ tó fi ń bo password. Ẹni tó kàn ń yọjú wo skrín rẹ ò ní lè kà á.

Bọ̀dá Peckham: Ayọjúwò nìkan. Secret inú Kubernetes, ètò tó ń darí àwọn app lórí sáfà, base64 lòun náà, àwọn kan á sì fọkàn balẹ̀.

Adé Toronto: Ibo wá ni kí n fi í sí?

Ìyá Ìbejì: Inú fáìlì .env, kí o kọ orúkọ fáìlì náà sínú .gitignore kí git má baà gbé e, kí o sì ṣe chmod 600 fún un kí àwọn ẹlòmíì má lè kà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Ẹ̀gbá! Àwa mọ owó pa mọ́, a mọ password pa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Ta ló pe Ìjẹ̀bú síbí? Dahomey wá bá wa ní 1851, wọ́n tún wá ní 1864, ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Olúmọ kì í ṣe base64, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì: 😂 Ẹ ti jẹ́ kí ilé máa wù mí. Láfún tí wọ́n ń tà ní Houston yìí, kókó ṣáá ni.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ wá sí London, tiwa funfun báláú.

Ìyá Ìbejì: London tí owó yàrá kan tó gba odidi ilé níbí?

Adé Toronto: Ẹ jọ̀ọ́, ti ìtàn git yẹn ńkọ́?

Làmídì, Abẹ́òkúta: Ẹ kú àárọ̀ o. Ìtòkú ni mo wà yìí, níwájú ilé aláró. Ọwọ́ ìyá yẹn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń sá àdìrẹ ẹlẹ́kọ sórí okùn. Ta ló fẹ́?

Ìyá Ìbejì: Èmi! Bá mi ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ ná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èló ni wọ́n ń tà á? Bá wa ná an dáadáa o.