Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe laser ojú rí? Awò yìí ti sú mi

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ilé o. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mò ń gbé, -5.50 ni nọ́ńbà awò mi lójú méjèèjì, mi ò rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Kíṣìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí n kàn ṣí ìkòkò báyìí ooru á ti bo dígí, mi ò ní rí nǹkan kan mọ́. Mo ti ń tọ́jú owó torí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ò ní bá mi san án, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, ṣé ó máa ń dunni? Glaucoma, àrùn ojú tí ìfúnpá inú ojú tó ga sábà máa ń fà, ló sì fọ́ ojú bàbá mi, ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ìyá Ìbejì: Mo ṣe LASIK, ọ̀kan lára irú laser ojú yìí, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n kán oògùn sójú mi tí mi ò fi mọ ìrora, ó kàn ń tẹ̀ mí lójú ni, mo sì ń gbóòórùn kan bí irun tó jó. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo délé ó ń ta mí bí ẹni gé àlùbọ́sà, àmọ́ nígbà tí mo jí láàárọ̀ mo rí aago ara ògiri kedere, mo sunkún! Ṣùgbọ́n ojú mi gbẹ fún oṣù mélòó kan, oògùn kì í kúrò nínú báàgì mi, iná mọ́tò náà máa ń fọ́n ká lálẹ́.

Dúró Ire: Àbúrò, inú iṣẹ́ yìí ni mo wà, jọ̀ọ́ má tíì sanwó fẹ́nikẹ́ni. Cornea tó wà níwájú ẹyinjú ni laser máa ń fá, bí nọ́ńbà awò bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n á ṣe fá a tó, tí tìẹ bá wá fẹ́lẹ́ jù, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Nọ́ńbà yẹn náà gbọ́dọ̀ ti dúró sójú kan fún bí ọdún kan. Ti bàbá ẹ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Glaucoma máa ń rin ìdílé, ó sì pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú. Tí wọ́n bá ti fá cornea, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá inú ojú á máa ka iye tó kéré sí bó ṣe wà, ó lè ga kí ẹ̀rọ máa sọ pé kò séwu. Jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú ẹ wò ná, kí wọ́n kọ ìfúnpá ẹ àti bí cornea ṣe nípọn sílẹ̀, tọ́jú ìwé yẹn dáadáa, dókítà ojú yòówù tó o bá rí lẹ́yìn ìgbà náà, sọ fún un pé o ti ṣe laser.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Níbi tí mo kọ́kọ́ pè, ọ̀rọ̀ owó nìkan ni wọ́n bá mi sọ, wọn ò béèrè bàbá mi rárá. Mo máa lọ yẹ ìfúnpá yẹn wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, laser ṣì lè dúró ná.